Ojú Wọn Ti Mọ̀ Ọ́n Kí Ọwọ́ Mi Tó Fà Á: Ohun Tí Yíya Fanart Kọ́ Mi

Bí ènìyàn bá ya òkè, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òkè náà kò jọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá ya igi, ẹ lè fi ẹ̀ka méjì kún un, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀dá ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ ti wò títí wọ́n fi mọ iye bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ti débẹ̀ kí ọwọ́ ayàwòrán tó gbéra. Ibẹ̀ ni adùn fanart, àwòrán tí olólùfẹ́ ń ya nípa ẹ̀dá ìtàn tí ẹlòmíràn dá, ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìnira rẹ̀ wà. Ẹni tó ń yà á lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí kò fi jẹun, tí kò sì fẹ́ kó tètè sú òun, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Jíjọ ló ń pa ọ̀pọ̀ wa lẹ́kún, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣèré ló ṣe ẹ̀dá ìtàn náà, fọ́tò kan kò tó. Mo máa ń kó mẹ́fà sí mẹ́wàá jọ: èyí tó kọjú sí wa, èyí tó dẹ̀gbẹ́, èyí tó yí ojú díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọn má sì rí bákan náà. Ẹ má fi sẹ́lífì ṣe àwòkọ. Kámẹ́rà tó sún mọ́ ojú jù máa ń mú imú tóbi, a sì máa sún etí sẹ́yìn. Sẹ́lífì mìíràn tún wà tí fóònù ti yí padà bíi ti dígí, tí àpá ojú òsì á fi bọ́ sí ọ̀tún.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ sọ fọ́tò yẹn di kékeré, kí ìbú rẹ̀ má ju 150 píksẹ́lì lọ. Ní ìwọ̀n yìí ìpéǹpéjú ti pòórá, ìlà ètè ti pòórá, síbẹ̀ ẹ ṣì mọ ẹni tó jẹ́. Ohun tó kù tí ẹ fi mọ̀ ọ́n ni òjìji: ti kòtò ojú, ti abẹ́ imú, ti abẹ́ ètè ìsàlẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n. Òjìji yẹn gan-an ni jíjọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan, àwọ̀ kan ṣoṣo, gbé òjìji mẹ́rin tàbí márùn-ún kalẹ̀ ṣáájú ẹyinjú, ṣáájú ohunkóhun tó ń wu ọwọ́. Bí ó bá ti jọ ọ́ níbẹ̀, ẹ máa tẹ̀ síwájú. Bí kò bá jọ ọ́, kò sí ìpéǹpéjú tó máa gbà yín.

Wọ́n máa ń kọ́ni pé ẹyinjú wà ní ìdajì gígùn orí, pé ìbú orí tó ẹyinjú márùn-ún, pé àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì tó ẹyinjú kan. Bó ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gbogbo ayé ni. Ibi tí ẹni tí ẹ ń yà ti yẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n yìí ni kí ẹ máa wá. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń wọ̀n: àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú àti irun òkè ojú, gígùn ibi tó wà láàárín imú àti ètè òkè, àti bí àgbọ̀n ṣe gùn tó bí a bá fi wé iwájú orí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tọ̀nà, ẹ lè ba irun rẹ̀ jẹ́, wọn á ṣì pè é lórúkọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, tí ẹ sì fi wákàtí mẹ́fà dárà sórí yòókù, àbúrò rẹ̀ lẹ yà.

Ti kàtúùnù rọrùn lápá kan, ó le lápá kejì. Ìlà rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà gbogbo ìlà ló ní ẹlẹ́rìí. Ẹ ka ṣóńṣó irun, ẹ wo apá ibi tí irun ti pín, ẹ wo ọwọ́ tó fi ń mú idà. A tún máa ń yí àwòrán padà bíi ti dígí láti fi rí àṣìṣe: ojú yín á rí i bíi tuntun, ẹyinjú tó ti wọ́ lọ sókè á sì hàn kedere. Ó dára, mo ń ṣe é ní gbogbo ìṣẹ́jú ogún. Àmọ́ ẹ dá a padà o! Ẹni tó parí iṣẹ́ lójú dígí ti gbé àpá sójú òdì nìyẹn, kọ́mẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ló sì máa sọ ọ́.

Ẹ̀dá ìtàn tí awọ rẹ̀ dúdú ni wọ́n ń bàjẹ́ jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ olólùfẹ́ tí mo mọ̀. Kì í sábà jẹ́ pé ayàwòrán náà ní èrò burúkú; ó kàn mú àwọ̀ láti inú fọ́tò kan ṣoṣo ni. Bí fọ́tò náà bá jẹ́ ti òru, tí iná búlúù kọ lù ú, eérú lẹ máa mú. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀sán, tí ẹ sì mú àwọ̀ níbi tí oòrùn ti ń dán lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi dídán yẹn á wá di àwọ̀ gbogbo ara, ẹni dúdú á di ẹni pupa. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń mú àwọ̀ nínú fọ́tò márùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí kò bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ tí kò sì bọ́ sí òjìji. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì yan ti àárín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má da dúdú pọ̀ mọ́ ọn láti fi ṣe òjìji. Ẹ sún un sí ìhà pupa tàbí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, kó ṣókùnkùn ṣùgbọ́n kí àwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ibi tó ń dán kì í ṣe funfun náà. Funfun lórí awọ dúdú, pàápàá èyí tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàn káàkiri, á jẹ́ kí ẹni náà rí bí ẹni tí harmattan ti fà lára gbẹ, tí kò sì fi òróró para. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó tàn sí i ni kí ẹ lò, kó kéré, kí etí rẹ̀ mú, kó wà ní iwájú orí, ṣóńṣó imú, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ìsàlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ètè mọ́ ju ara yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, nínú áàpù ìyàwòrán yín, ẹ da àwọ̀ eérú kún layer kan (ìpele tó dà bí bébà tó mọ́ gaara tí a tò léra) lókè pátápátá, ẹ yí ìlò rẹ̀ (blend mode) sí Color. Gbogbo àwòrán á di dúdú-funfun, ẹ ó sì lè fi wé fọ́tò tí ẹ ti sọ di dúdú-funfun bákan náà. Bí tiyín bá mọ́ jù ú lọ, irọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ní ti fífi àwọ̀ kún inú ìlà, ohun kékeré kan wà tó máa ń gba ọjọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Bí ẹ bá da àwọ̀ sínú ìlà, funfun tíntín máa ń ṣẹ́ kù lẹ́bàá ìlà bí ìdọ̀tí etí abọ́. Ohun tó fà á ni pé etí ìlà kò dúdú tán, ó ń rọ̀ lọ sí funfun díẹ̀díẹ̀, irin iṣẹ́ náà sì dúró kó tó débẹ̀. Nínú àwọn áàpù ìyàwòrán bíi Krita, Clip Studio Paint àti ibisPaint, ààyè wà láti sọ pé kó kọjá etí yẹn ní píksẹ́lì kan tàbí méjì. Ẹ tún gbé àwọ̀ sí layer ìsàlẹ̀, kí ìlà wà lókè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á jókòó máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí ihò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kánfáàsì ńkọ́? A4 ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan) jẹ́ 2480 sí 3508 píksẹ́lì, ó sì tó fún ohun gbogbo tí ẹni tó ń yà fún ìgbádùn fẹ́ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi mílímítà mẹ́ta kún etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀bẹ ìtẹ̀wé lè rí ibi gé. Ó di 2551 sí 3579 nìyẹn. Lójú tábúlẹ́ẹ̀tì tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, bí kánfáàsì bá ti tóbi sí i ni iye layer tí Procreate, áàpù ìyàwòrán orí iPad, máa fún yín ń dín kù, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí 10,000 píksẹ́lì. Àwọ̀ búlúù tó ń tàn yòò àti píǹkì tó ń tani lójú kò sí nínú íǹkì. Wọ́n á ṣú bí wọ́n bá dórí bébà, kì í ṣe ẹ̀bi atẹ̀wé. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ jáde sórí fóònù, ẹ fi sRGB, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀rọ mọ̀, pamọ́. Èyí tí ẹ fi Display P3, ètò tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti sRGB lọ, pamọ́ lè rí dáadáa lójú yín, kó sì ṣá lójú ẹlòmíràn.

Ó wá kan láìkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: láìkì kì í wọn iṣẹ́, òkìkí ẹ̀dá ìtàn ló ń wọ̀n. Àwòrán àwàdà ogún ìṣẹ́jú, tó ní àwọn ẹni méjì tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ràn nínú, á sáré kọjá àwòrán wákàtí ọgbọ̀n ti ẹ̀dá ìtàn tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré. Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀. Mélòó ni ojú tó ń wá ẹ̀dá ìtàn náà kiri? Ṣé apá tuntun eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde? Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ebi rẹ̀ máa ń pa wọ́n jù. Ṣé ẹni tó ń fi àtàǹpàkò wọ́ fóònù lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Àwòrán tó kún fún ewé, ìràwọ̀ àti aṣọ aláràbarà máa ń di àwọ̀ rúdurùdu bó bá kéré. Nítorí náà mo máa ń wò ó ní ìwọ̀n èékánná kí n tó gbé e jáde. Bí orí kò bá yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa ń mú ẹ̀yìn náà ṣú tàbí kí n mú un mọ́.

Ẹ ya ti àwàdà, ẹ ya ti ìfẹ́ inú yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkan wọn èkejì. Mo máa ń pa ìró fóònù fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn tí mo bá gbé iṣẹ́ jáde, nítorí pé bí mo bá ń ka nọ́ńbà lówùúrọ̀, ọwọ́ mi á wúwo nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ kékeré tún wà tí kò ju ogójì ènìyàn lọ, tí wọ́n á kọ kọ́mẹ́ǹtì gígùn bí lẹ́tà. Wọ́n á rí i pé ẹ fi okùn ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, pé ẹ mú kí ó já díẹ̀ bó ṣe já nínú ìtàn. Mo gba irú kọ́mẹ́ǹtì yẹn ju ẹgbẹ̀rún láìkì lọ, ẹ má bi mí ní ìdí.

Kọ́mẹ́ǹtì tó ń bíni nínú náà wà. “Èkejì rẹ̀ dà?” lẹ́yìn wákàtí ogún tí ẹ fi ya ẹyọ kan. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya tèmi, ẹ ṣáà ní ẹ̀bùn.” Bí ẹni pé ẹ̀bùn ló mú pẹ́ẹ̀nì, tí ọwọ́ sì jókòó tì í. Ìdáhùn kúkúrú tó: “Ẹ ṣeun, n kì í gba iṣẹ́ báyìí.” Ẹ má ṣàlàyé, ẹni tí ẹ bá ṣàlàyé fún á dúnàádúrà.

Bíbá òǹkọ̀wé (olólùfẹ́ tó ń kọ ìtàn tirẹ̀ nípa àwọn ẹ̀dá ìtàn náà) ṣiṣẹ́ pọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dùn jù, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó máa ń da àárín rú. Òǹkọ̀wé ti gbé pẹ̀lú ìran kan lórí fún oṣù mélòó kan. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò sí nínú gbólóhùn tó kọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í: ta ló ga ju ta lọ, ọwọ́ wo ló fi ń mú nǹkan, àsìkò wo nínú ọjọ́, kí ni ẹ̀dá ìtàn náà kò gbọ́dọ̀ wọ̀? Ẹ fi àwòrán wóróbo mẹ́ta ránṣẹ́, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níkọ̀ọ̀kan, kó yan ọ̀kan. Ẹ tún fi ìlà tó mọ́ hàn án. Ibẹ̀ ni àyípadà ńlá parí sí. Bó bá ti dé orí àwọ̀, ẹ lè yí àwọ̀ ẹ̀wù padà, ẹ kì í yí ìjókòó padà mọ́, nítorí pé yíyí apá kan ń fa yíyí èjìká, òjìji àti ẹ̀yìn. Ẹ sọ èyí níbẹ̀rẹ̀, kó má di ìjà. Bí ìtàn náà bá ń lọ sí Archive of Our Own, ìkànnì tí àwọn olólùfẹ́ ń gbé ìtàn tí wọ́n kọ sí, ẹ rántí pé ibẹ̀ kì í tọ́jú àwòrán fúnra rẹ̀. Ibòmíràn lẹ máa gbé e sí, ìjápọ̀ rẹ̀ lẹ máa fún òǹkọ̀wé. Ọjọ́ tí ẹ bá pa àkáǹtì yẹn rẹ́, ihò lásán ló máa kù nínú ìtàn rẹ̀. Kí ó fi ìbú àwòrán sí 100%, kó má baà yọ jáde lójú fóònù, kó sì kọ gbólóhùn kan tàbí méjì tó ṣàpèjúwe àwòrán náà fún àwọn tí kò ríran.

Ti owó ńkọ́? Ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe tiwa. Àwọn tó ni ín lè gbà kí a ta káàdì díẹ̀, wọ́n lè má gbà. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ kò bára dọ́gba, ẹ ka ti ẹni tó ni tiyín. Comiket ti Tokyo, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ti ń ta ìwé àti àwòrán tí wọ́n fúnra wọn ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1975 pẹ̀lú ẹgbẹ́ 32 àti nǹkan bí 700 ènìyàn, ti dàgbà di ọjà ńlá, síbẹ̀ ojú àánú ló pọ̀ ju ẹ̀tọ́ lọ níbẹ̀ pàápàá. Bí ẹ bá pinnu láti gba iṣẹ́ àsanwó, ẹ gba ìdajì kí ẹ tó fa ìlà, ẹ gba ìyókù kí ẹ tó fún wọn ní fáìlì ńlá, kí àtúnṣe má ju méjì lọ. Èmi ò gbani nímọ̀ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń yà láti fi sinmi. Ohun tí ń sinmi yín tẹ́lẹ̀ á wá ní ọjọ́ ìfijíṣẹ́.

Wọn á jí iṣẹ́ yín gbé. Ẹ má sọ pé bóyá. Orúkọ tí ẹ kọ sí igun, wọ́n á gé e dànù. Ẹ kọ ọ́ sí ibi tí aṣọ ẹ̀dá ìtàn ti kan ẹ̀yìn àwòrán, kó hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bíi 35%, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá gé e, wọ́n gé apá. Ẹ̀dà tí ẹ máa gbé jáde kò gbọ́dọ̀ tó èyí tí a lè tẹ̀: 1080 sí 1350 píksẹ́lì tó. Ẹni tó gbé e láìmọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n fi orúkọ yín sí i. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù tà, fọ́ọ̀mù ẹ̀tọ́ àdàkọ ni kí ẹ bá lọ tààrà. (Mo mọ̀ pé àwa náà yá ẹ̀dá ìtàn lò. Ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ń kọ fọ́ọ̀mù náà, mo sì máa ń kọ ọ́ parí.)

Ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán àwọn ènìyàn kọ́ bí a ti ń yàwòrán ti mú ìyọnu tuntun wá. Glaze, áàpù tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 2023, máa ń fi ìyípadà tíntín bo àwòrán kó lè ṣòro fún ẹ̀rọ láti kọ́ ọwọ́ yín; ó máa ń gba àkókò, ó sì máa ń hàn lórí àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ìyọnu kejì le ju ìyẹn lọ: wọ́n lè sọ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ló yà á. Nítorí náà ẹ má so layer pọ̀ nínú fáìlì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí sketch, ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ fà, wà níbẹ̀. Procreate máa ń gba fídíò iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti Krita, ẹ̀yin lẹ máa tan Recorder rẹ̀.

Ọwọ́ ń ṣẹ́ni o. Ìrora ọrùn ọwọ́ kì í sábà wá lójijì, ó máa ń kọ́kọ́ jẹ́ àtàǹpàkò tó kú tipiri láàárọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á ni títẹ pẹ́ẹ̀nì mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sínú ètò tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ mú kí títẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tó láti fa ìlà tó nípọn. Ìlà gígùn, ẹ fi èjìká fà á, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Ẹ dìde ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-láàádọ́ta, bí irun ẹ̀dá ìtàn náà tilẹ̀ ku ẹyọ mẹ́ta.

Àwòrán àtijọ́, ẹ má pa wọ́n rẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń tì yín lójú. Ẹ kọ ọjọ́ àti ọdún sí orúkọ fáìlì. Bó bá pé ọdún kan, ẹ ṣí i, ẹ fi ìjókòó kan náà àti ìmọ́lẹ̀ kan náà tún un yà láì wo fọ́tò tuntun kankan, kí ẹ wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àlàfo irun òkè ojú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.